«Sáyẹ́ǹsì ló ní ká ṣe é»: báwo ni aráàlú ṣe lè mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ìjọba fi ẹ̀rí ṣe gan-an?

ÀǹfàníÌmọ̀

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ fòfin de oògùn kan, tàbí tí wọ́n bá bu owó orí lé nǹkan, minísítà á jáde, á ní «ohun tí sáyẹ́ǹsì wí la tẹ̀ lé». Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ta ni yóò bá sáyẹ́ǹsì jà? Ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì kì í jókòó sípàdé. Èèyàn ló ń jókòó níbẹ̀. Wọ́n bi àwọn onímọ̀ kan ní ìbéèrè kan, wọ́n gba èsì, wọ́n ro ti owó mọ́ ọn, wọ́n ro ti òfin, wọ́n ro ti ìbò, wọ́n sì mú èyí tí wọ́n rí i pé ó ṣeé mú. Ibẹ̀ gan-an ni aráàlú kì í rí.

Nígbà tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ kí aráàlú lóye, ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń kọ́ wa: ohun tí fáírọ́ọ̀sì jẹ́, bí abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó dára, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ èèyàn lè mọ gbogbo ìyẹn dunjú kó má mọ bí ilé-iṣẹ́ ìjọba ṣe rìn láti orí ìwádìí dé orí òfin. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Kí ló sì yẹ kí àwa tó wà níta máa bi wọ́n?

DókítàẸranko

Ẹ ṣeun tí ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ wá látinú iṣẹ́ tèmi.

Ní 1986 ni wọ́n rí àrùn BSE nínú màlúù ní Ìlú Ọba, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní àrùn màlúù asínwín. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní 1988, Richard Southwood ni alága rẹ̀. Ìròyìn wọn jáde ní 1989. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ewu tó lè tinú àrùn náà dé bá èèyàn jìnnà gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kìlọ̀ pé bí ohun tí àwọn rò yìí bá lọ jẹ́ àṣìṣe, àbájáde rẹ̀ yóò burú gidigidi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba gbé kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìkìlọ̀ yẹn sọnù sójú ọ̀nà. Ní oṣù Karùn-ún 1990, minísítà ètò ọ̀gbìn, John Gummer, fún ọmọ rẹ̀ kékeré ní ẹran màlúù jẹ níwájú kámẹ́rà, kí gbogbo ayé lè rí i pé kò séwu.

Nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù Kẹta 1996, minísítà ètò ìlera, Stephen Dorrell, dúró níwájú ilé aṣòfin, ó ní ó ṣeé ṣe kí àrùn ọpọlọ tuntun tí wọ́n rí lára èèyàn ní í ṣe pẹ̀lú BSE. Àrùn yẹn, vCJD, pa èèyàn tó lé ní 170 ní Ìlú Ọba.

Àwọn kan máa ń pa á lówe fún ìjọba yẹn pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lord Phillips ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà, tó sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹwàá 2000, ó ní irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Wọ́n gbà lóòótọ́ pé ewu náà jìnnà. Kí ọkàn àwọn èèyàn má baà dà rú ló gbà wọ́n lọ́kàn, tí wọ́n fi ń tu gbogbo ayé nínú. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé wọ́n dalẹ̀ aráàlú lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ wá yí padà. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn onímọ̀ ti kọ iyèméjì wọn sílẹ̀. Ó wà nínú ìwé. A kàn gé e kúrò nínú ohun tí a sọ fún ẹni tó ń ra ẹran ni.

Olóòótọ́22

Ẹ̀gbọ́n Dókítà, mo gbọ́ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ìjọba bá da gbogbo bébà rẹ̀ síta, ta ló máa kà á? Ìba díẹ̀ ni. Ta ló máa já gbólóhùn kan gbà nínú rẹ̀, tí yóò máa gbé e kiri lórí Facebook pé «ẹ wò ó, àwọn fúnra wọn ò mọ̀»? Wọ́n pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. A rí i nígbà kòrónà.

Ẹ̀rù tún wà fún àwọn onímọ̀ pẹ̀lú. Ní Ítálì, ilẹ̀ ti ń mì tìtì ní L'Aquila fún oṣù bíi mélòó kan kí ìmìtìtì ńlá ti ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin 2009 tó pa èèyàn 309. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ ti pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà kó tó ṣẹlẹ̀. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà fún èèyàn méje nínú àwọn tó kópa, torí ọ̀rọ̀ ìtùnú tí wọ́n ní wọ́n sọ fún aráàlú. Ta ló máa rí èyí, tí yóò tún máa la ẹnu rẹ̀ fàlàlà? Bí wọ́n bá mọ̀ pé gbogbo ohun tí àwọn bá sọ nínú yàrá ìpàdé ló máa bọ́ síta, abẹ́ ahọ́n ni wọ́n á máa sọ̀rọ̀ sí.

Akọ̀wéFẹ̀yìntì

Àbúrò mi Olóòótọ́, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Mo ti jókòó sí irú yàrá bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí àwọn onímọ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìpàdé ni wọ́n ń sọ tinú wọn. Ṣùgbọ́n ka ìtàn L'Aquila yẹn débi tó parí sí. Kí ìpàdé ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2009 yẹn tó bẹ̀rẹ̀, igbákejì ọ̀gá àjọ tó ń dáàbò bo aráàlú ti sọ fún oníròyìn tẹlifíṣọ̀n pé àwọn onímọ̀ ní kò séwu. Àwọn onímọ̀ náà ò tíì jókòó rárá! Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2014, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá àwọn onímọ̀ mẹ́fà sílẹ̀. Igbákejì ọ̀gá yẹn nìkan ni ẹ̀bi kù sí lórí, wọ́n sì dín ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ kù sí ọdún méjì. Ohun tó kó bá wọn ni pé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba di ọ̀rọ̀ onímọ̀ létí aráàlú. Ká ní ohun tí oníkálukú wọn sọ ti wà níta kedere lọ́jọ́ yẹn ni, ta ni yóò dà wọ́n pọ̀?

Ẹ̀yin tó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé, mo máa sọ èyí tí mo mọ̀. Ní Ìlú Ọba, láti 1964 tí Solly Zuckerman ti kọ́kọ́ di olùdámọ̀ràn àgbà fún ìjọba lórí sáyẹ́ǹsì ni ipò náà ti wà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba ló sì ní olùdámọ̀ràn tirẹ̀ lónìí. Robert May tó wà nípò yẹn ní 1997 kọ ìlànà kan tí mo ṣì fẹ́ràn: ẹ tètè mọ ọ̀rọ̀ tó máa nílò onímọ̀, ẹ pe onímọ̀ oríṣiríṣi, ẹ sì gbé ohun tí wọ́n bá sọ síta. Ó rọrùn láti kọ. Kò rọrùn láti ṣe, pàápàá bí minísítà bá ń dúró de ìwé lórí tábìlì.

Ẹ má sì rò pé gbogbo rẹ̀ ni ti yàrá ìwádìí níbi tí wọ́n ti ń po kẹ́míkà. Èyí tó pọ̀ jù nínú sáyẹ́ǹsì ilé-iṣẹ́ ìjọba ni ìṣirò, ìwádìí tí wọ́n fi ń bi aráàlú léèrè ọ̀rọ̀, àti iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé. Ìwé kan wà tí wọ́n fi ń yẹ òfin tuntun wò kó tó jáde, tí wọ́n fi ń sọ ohun tó máa náni àti èrè tó máa mú wá. Àwọn ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ẹ máa rí ìṣòro tí wọ́n fẹ́ yanjú níbẹ̀. Ẹ máa rí àwọn ọ̀nà tí wọ́n gbé yẹ̀ wò, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ «ká má ṣe nǹkan kan». Lẹ́yìn náà ni iye owó: èyí tó kéré jù, èyí tó pọ̀ jù, àti èyí tí wọ́n rò pé ó súnmọ́ òótọ́ jù. Nísàlẹ̀ àwọn iye yẹn, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ àwọn ohun tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ láìtíì rí i sí.

Àpótí yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Èrè tó wà lókè lè tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, kó wá jẹ́ pé gbólóhùn kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ló gbé e dúró, irú bíi «a gbà pé ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá yóò pa òfin yìí mọ́». Bó bá wá jẹ́ mẹ́rin péré ńkọ́?

ÌyáÌbejì

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ṣé ìpinnu kan wà tí ẹ lè fi ṣe àpẹẹrẹ fún wa látòkè délẹ̀? Èmi ò ráyè ka ọgọ́rin ojú ìwé, ọmọ wà lọ́rùn mi. Ẹ ṣáà sọ ohun tí kí n máa wá.

Akọ̀wéFẹ̀yìntì

Ó wà, ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká lo owó orí tí wọ́n bù lé ohun mímu aládùn ní Ìlú Ọba.

Ní 2015, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí oúnjẹ ní kí ṣúgà tí wọ́n ń fi kún oúnjẹ, pẹ̀lú ti inú oyin àti omi èso, má ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí à ń rí nínú oúnjẹ lọ. Ẹ̀rí nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ka ìwádìí jọ, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí nípa ehín, sísanra àti àtọ̀gbẹ. Ní oṣù Kẹta 2016, minísítà ètò ìṣúná kéde owó orí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2018: pẹ́ńsì 18 lórí lítà kọ̀ọ̀kan bí ṣúgà inú rẹ̀ bá tó gíráàmù 5 nínú mílílítà 100, pẹ́ńsì 24 bó bá tó gíráàmù 8. Èyí tí kò bá tó 5 ò san nǹkan kan.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Kò sí ohun tó yí padà nínú ara ọmọdé láàárín gíráàmù 4.9 àti 5. Èèyàn ló fa ilà yẹn. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu rí ìdí tí wọ́n á fi dín ṣúgà kù, wọ́n sì fún wọn ní ọdún méjì láti fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ wọn sì dín in kù lóòótọ́ kí ọjọ́ tó pé. Lójú tèmi, òfin tó mọ́gbọ́n dání ni. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé sáyẹ́ǹsì ló fa ilà sí 5, kò rí bẹ́ẹ̀. Sáyẹ́ǹsì ló ní ṣúgà ti pọ̀ jù. Ìjọba ló yan owó orí, òun ló yan ohun mímu tó sì fi oúnjẹ aládùn sílẹ̀, òun ló yan 5 àti 8. Ibi tí ẹ̀rí parí sí, tí yíyàn ti bẹ̀rẹ̀, ni kí ẹ máa wá. Ẹ ò nílò ọgọ́rin ojú ìwé fún ìyẹn.

Ọ̀mọ̀ràn_Ìṣirò

Bàbá ti là á yé wa. Èmi fẹ́ sọ ti ìṣirò, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Ní oṣù Kẹrin 2010, òkè ayọnáyèéfín Eyjafjallajökull tú ní Iceland, eérú rẹ̀ gba ojú ọ̀run Yúróòpù, ọkọ̀ òfurufú ò sì lè fò fún bí ọjọ́ mẹ́fà. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùn-ún ìrìn-àjò ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n fagi lé. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò ibi tí eérú náà ń lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń bínú sí ìṣirò yẹn. Ṣùgbọ́n òfin tó wà nílẹ̀ ni pé ibikíbi tí eérú bá wà, bó ti wù kó kéré mọ, kí ọkọ̀ má gba ibẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀, wọ́n gbà pé ọkọ̀ lè kọjá bí eérú ò bá ju mílígíráàmù 2 lọ nínú àyè tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ojú ọ̀run tún ṣí. Eérú ò tíì tán o! Ohun tó yí padà ni iye ewu tí wọ́n lè fara mọ́. Mélòó nínú àwọn tó há sí pápá ọkọ̀ òfurufú ló mọ̀?

Ìṣirò náà máa ń bàjẹ́ nígbà mìíràn. Ní oṣù Kẹwàá 2012, ilé-iṣẹ́ ètò ìrìnnà Ìlú Ọba fagi lé àdéhùn ojú irin West Coast tí wọ́n ti fẹ́ gbé fún ilé-iṣẹ́ kan, torí àṣìṣe wà nínú bí wọ́n ṣe ṣírò ọ̀wọ́n gógó ọjà àti iye èrò ọkọ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 40 pọ́n-ùn ni wọ́n ní àwọn máa san padà fún àwọn tó díje. Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti kọ ìlànà pé kí gbogbo ìṣirò tí ìjọba gbára lé ní ẹni tí yóò dúró fún un, kí ẹlòmíràn tí kò sí nídìí rẹ̀ sì tún un yẹ̀ wò. Olóòótọ́, ìwọ ní àwọn tó máa ka bébà kò pọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ìṣirò, tó kà á tó sì rí àṣìṣe, ti tó.

AgbẹjọròT

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un. Minísítà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìmọ̀ràn onímọ̀. Òun ni wọ́n dìbò fún. Ohun tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí, lójú mi, ni kó kọ̀ ọ́ kó má sọ ìdí.

Òfin oògùn olóró ti 1971 ní Ìlú Ọba sọ pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ ìgbìmọ̀ onímọ̀ kí wọ́n tó yí ipò oògùn padà. Ìgbìmọ̀ náà ní kí igbó wà ní ìpele C, èyí tí ìyà rẹ̀ fúyẹ́ jù. Ìjọba gbé e sí B, tí ìyà tirẹ̀ le ju ti C lọ, ní oṣù Kìíní 2009. Nígbà tí David Nutt, alága ìgbìmọ̀ náà, ń ta ko irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ní gbangba, wọ́n yọ ọ́ nípò ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, àwọn mìíràn sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Rògbòdìyàn yẹn ló bí ìlànà 2010: kí ìjọba má dí onímọ̀ lọ́wọ́, kó sì ṣàlàyé fún aráàlú bí ìpinnu rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1946 ni òfin ti ní kí ilé-iṣẹ́ ìjọba tẹ òfin tó fẹ́ ṣe jáde, kó gba èsì aráàlú, kó sì dáhùn èyí tó bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ èsì, ì báà má kàwé rárá. Ní Ìlú Ọba, ẹ lè fi òfin òmìnira ìròyìn béèrè ìwé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ogún ọjọ́ iṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dí ni pé òfin yẹn gbà wọ́n láyè láti fi ìwé pamọ́ bí wọ́n bá ṣì ń ṣe ìlànà tí ìwé náà dá lé lórí lọ́wọ́.

ÀǹfàníÌmọ̀

Ẹ ti là mí lójú. Ohun tí AgbẹjọròT sọ kẹ́yìn yẹn ló ṣẹlẹ̀ nígbà kòrónà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní àwọn ń tẹ̀ lé sáyẹ́ǹsì ní Ìlú Ọba, síbẹ̀ a ò mọ orúkọ àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ SAGE, ìyẹn àwọn onímọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn nígbà pàjáwìrì. Oṣù Karùn-ún 2020 ni orúkọ wọn tó jáde, 29 oṣù náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn síta. Mo ka díẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń kọ bó ṣe dá wọn lójú tó: ó dájú gan-an, ó dájú díẹ̀. Mi ò bẹ̀rù nígbà tí mo rí i. Ṣe ni ọkàn mi balẹ̀ pé àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ohun tí wọn ò mọ̀.

Mo tún fẹ́ mẹ́nu ba iṣẹ́ kan. Ní 2015, àwọn àjọ mẹ́ta kan ní Ìlú Ọba, Institute for Government, Sense about Science àti Alliance for Useful Evidence, ṣe òṣùwọ̀n kan láti fi yẹ ìpinnu ìjọba wò. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò: ìṣòro tí wọ́n ní ó wà, ojútùú tí wọ́n yàn, bí wọ́n ṣe máa ṣe é, àti bí wọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Wọn kì í fún ẹ̀rí ní máàkì pé ó dára tàbí kò dára. Bóyá ẹni tó wà níta lè rí ẹ̀rí náà, kó sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀, nìkan ni wọ́n ń wò. Bí olùkọ́ ìṣirò ṣe máa ń ní kí ọmọ kọ ọ̀nà tó gbà sílẹ̀ kó tó fún un ní máàkì ló rí.

Olóòótọ́22

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo gbà pé kí àkọsílẹ̀ jáde. Mi ò gbà pé kó jáde nígbà tí wọ́n ṣì ń jiyàn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ bá ara wọn jà tán nínú yàrá, kí wọ́n pinnu, kí ìwé wá bọ́ síta.

DókítàẸranko

Àbúrò, mo lè fara mọ́ ìyẹn, bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ tí ìwé máa jáde kí ìpàdé àkọ́kọ́ tó wáyé. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ìpinnu ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dá ọjọ́, ìwé tí kò bá gbè wọ́n kò ní jáde láé.

Olóòótọ́22

Ìyẹn dára. Mo fọwọ́ sí i.

ÌyáÌbejì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ èyí wò. Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tiwa fẹ́ fòfin de fóònù nílé ìwé. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwa òbí ní «ìwádìí fi hàn pé» ó ń ṣèdíwọ́ fún ẹ̀kọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ò lòdì sí òfin náà, ó ṣeé ṣe kí n fọwọ́ sí i. Ohun tí mo kọ sí wọn nìyí:

«Ẹ jọ̀ọ́, ìwádìí wo ni? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n wò, fún ìgbà tó tó mélòó? Kí ni wọ́n fi mọ̀ pé ẹ̀kọ́ sunwọ̀n sí i: máàkì ìdánwò, àbí ohun tí àwọn olùkọ́ sọ? Ṣé ìwádìí kankan wà tí kò rí ìyàtọ̀?»

Akọ̀wéFẹ̀yìntì

Ó dára púpọ̀, ìyá wa. Ẹ fi èyí kún un: «Kí lẹ máa wọ̀n kí òfin tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo lẹ sì máa tẹ èsì rẹ̀ jáde?» Bí wọn ò bá wọn nǹkan kan kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lè sọ bóyá ó ṣiṣẹ́.

AgbẹjọròT

Kí ẹ kọ déètì sí i, mà. Ẹ sì ní kí wọ́n fi àkọlé àti ọdún ìwádìí náà dáhùn, torí bí ẹ ò bá béèrè rẹ̀ pàtó, «oríṣiríṣi ìwádìí» ni wọ́n máa kọ padà sí yín.

ÌyáÌbejì

Mo ti fi méjèèjì kún un, mo sì ti fi ránṣẹ́. Bí èsì bá dé, ibí ni mo máa gbé e sí kí ẹ bá mi kà á.